Ilé tó jó: ẹ má tíì pe pẹ́ńtà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Mò ń ka ìwé ìròyìn yín déédéé, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tó jẹ́ pé agbára káká la fi máa ń rí ọ̀sẹ̀ kan tí àwòrán ilé tó jó ò ní sí nínú ẹ̀, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ n'Íbàdàn ló ń ṣẹlẹ̀ l'Ékòó, ló ń ṣẹlẹ̀ l'Ábẹ́òkúta. Ẹ máa ń gbìyànjú, ẹ máa ń sọ ibi tí iná ti ràn, bóyá jẹnẹrétọ̀ ni àbí gáàsì, bóyá panápaná tètè dé, ẹ sì máa ń ya fọ́tò àwọn onílé bí wọ́n ṣe káwọ́ lérí níwájú ilé. Àmọ́ tí iná bá ti kú, ìròyìn náà kú nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún ẹni tó káwọ́ lérí yẹn pé báyìí ni kó ṣe lọ́la, báyìí ni kó má ṣe. Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyẹn, torí ohun tí mo ti rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé iná á kú tán, ilé á ṣì máa pa èèyàn.

Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe, Ìbàdàn níbí ni mo ti ń ṣe é. Àwa ni wọ́n máa ń pè pé ká wá tún ilé ṣe lẹ́yìn iná, ohun tí mo sì máa ń bá níbẹ̀ kì í yàtọ̀ síra: onílé á ti ra pẹ́ńtì sílẹ̀ kí n tó dé. Ilé ò tíì gbẹ o, omi panápaná ṣì ń kán tó tó tó láti òkè, òórùn rọ́bà tó jó gba gbogbo ibẹ̀ kan, garawa pẹ́ńtì funfun ti wà ní kọ́rídọ̀. Wọ́n á ní "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa lẹ̀ ẹ́, ẹ bá wa sáré kùn ún, ká lè wọlé." Mi ò kì í bínú sí wọn, mo mọ ohun tó ń lé wọn. Ọ̀dọ̀ àbúrò tí wọ́n lọ sùn, wọ́n ti rí i pé ojú ìyàwó ilé ti ń yí padà, ayálégbé ń béèrè owó ẹ̀, àwọn ará àdúgbò ń wò wọ́n, dúdú ara ògiri yẹn sì ń ká wọn lára. Ẹni tó bá ń wo dúdú yẹn láràárọ̀, iná yẹn ò tíì kú lójú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ohun tí pẹ́ńtì yẹn máa ṣe fún yín. Èéfín dúdú tó lẹ̀ mọ́ ògiri kì í ṣe eruku lásán, ọ̀rá wà nínú ẹ̀, torí ohun tó jó lóde òní kì í ṣe ẹní àti igi bíi tàtijọ́, fóòmù ló jó, wáyà ló jó, síílìn PVC ló jó, kápẹ́ẹ̀tì àti àga onírọ́bà ló jó. Tẹ́ ẹ bá kun ẹ́mọ́ṣọ̀n, pẹ́ńtì olómi yẹn, lé e lórí, á funfun fún ìwọ̀nba ọjọ́, tó bá yá á bẹ̀rẹ̀ sí í ya jáde, á máa ní àbàwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú, òórùn ẹ̀ náà á sì padà wá, pàápàá tí oòrùn bá mú tàbí tí òjò bá rọ̀. Ẹ tún un kùn, á tún jáde. Owó tẹ́ ẹ fi ra pẹ́ńtì lẹ́ẹ̀kíní ti wọlẹ̀ lọ nìyẹn, ẹ̀yin àtàwọn ọmọ yín sì ń fa nǹkan burúkú yẹn símú lójoojúmọ́ nínú yàrá tẹ́ ẹ rò pé ó ti mọ́.

Bó ṣe yẹ ká ṣe é ò le, sùúrù ló gbà. Ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, kí atẹ́gùn máa fẹ́ gba inú ilé kọjá. Kí omi tó kan ògiri rárá, ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tàbí fóòmù gbígbẹ gbá dúdú yẹn kúrò, láti síílìn wá sílẹ̀, ẹ má fi tagbára tagbára ṣe é, ẹ má fi ọwọ́ rà á. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ nìyí, wọ́n á kó àwọn ọmọkùnrin àdúgbò jọ, wọ́n á da omi sí ògiri gbuu, omi yẹn á pò ó pọ̀, á sì ti í wọnú pílásítà, kò ní jáde mọ́ láyé. Ìgbà tí gbígbẹ bá ti kúrò lẹ tó wá máa fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọṣọ fọ ìyókù, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ omi náà, kẹ́ ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kó gbẹ. Mo tún un sọ, ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú, torí omi tí panápaná fi pa iná yẹn ti wọnú búlọ́ọ̀kù lọ, tẹ́ ẹ bá kùn ún nígbà tó tutù, pẹ́ńtì á wú, ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í bu, ẹni tó ní ikọ́ fée nínú ilé yẹn ò ní lè sùn. Tó bá ti gbẹ tán, ọ́ìlì pẹ́ńtì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi lu gbogbo ibi tí èéfín ti kàn, òun ló máa há òórùn àti àbàwọ́n yẹn mọ́, kẹ́ ẹ tó wá gbé ẹ́mọ́ṣọ̀n lé e. Ẹni tó bá máa ṣe iṣẹ́ yìí kó lo ìbòmú gidi, kó wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì jẹ́ kí ọmọdé bá òun gbá eérú. Mo máa ń rí àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n ń ṣa ìṣó àti páànù nínú ẹ̀, ó máa ń dùn mí gan-an.

Èyí tó wá ń bà mí lẹ́rù jù ni dẹ́kì, kọnkéré tó wà láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà tí wọ́n pè mí sí, kíṣìnnì ìsàlẹ̀ ló jó, iná ò dé òkè rárá, gbogbo èèyàn ń dúpẹ́, wọ́n ní kí n wá bá wọn fi sìmẹ́ńtì pa kíṣìnnì rẹ́ kí wọ́n lè padà sílé. Mo gbójú sókè, mo rí i pé kọnkéré abẹ́ dẹ́kì ti bọ́ sílẹ̀ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, irin rọ́ọ̀dù ti yọ síta, ó sì ti tẹ̀ wá sílẹ̀ díẹ̀. Ibi tí ò tíì bọ́, àwọ̀ ẹ̀ ti yí padà, ó ti ń pọ́n. Mo gba òòlù, mo ń fi kàn án jẹ́jẹ́ kiri, ibi tó ṣì le ń dún kọ̀, kọ̀, ibi tí iná ti jẹ ń dún bí igbá òfìfo. Mo wá bi wọ́n pé kí ló wà lókè ibí yìí gangan. Wọ́n ní yàrá ìyá àgbà ni, ibẹ̀ ni dúrọ́ọ̀mù omi wọn wà. Mo gòkè lọ wò ó, dúrọ́ọ̀mù tó ń gba líta 200, omi kún un dé ẹnu, kílò 200 ló jókòó lé dẹ́kì yẹn lórí, bẹ́ẹ̀dì Màmá ò jìnnà sí i. Àyà mi já. A bẹ Màmá kí wọ́n bọ́ sí yàrá iwájú, a da omi nù, a fi bàmbú ti abẹ́ dẹ́kì lójú ẹsẹ̀, mo sì sọ fún wọn pé mi ò ní fọwọ́ kan sìmẹ́ńtì títí ẹnjiníà fi máa dé. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n ilé bínú, ó ní mo fẹ́ fi owó kún owó ni. Ẹnjiníà dé, ó ní ká fọ́ gbogbo apá ibẹ̀, ká to irin tuntun, ká tún un dà. Tá a bá ti fi pílásítà bo irin yẹn bí wọ́n ṣe fẹ́, á dán mọ́ránmọ́rán, ẹnì kan ò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà lábẹ́ ẹ̀.

Èèyàn máa ń rò pé kọnkéré ò lè jó. Lóòótọ́ kò lè gbiná, àmọ́ ooru ń bà á jẹ́. Tí ooru bá ti kọjá bíi dígírì 300, kọnkéré ti ń pàdánù agbára ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, irin inú ẹ̀ ní tiẹ̀, tó bá dé bíi dígírì 600, bí ìdajì agbára ẹ̀ ló ti lọ, iná inú yàrá kan ṣoṣo sì lè gbóná ju ìyẹn lọ. Ẹ wá fi omi tútù tí panápaná ń rọ́ lù ú kún un, ó máa ń là. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ilé tí dẹ́kì, bíìmù tàbí pílà ẹ̀ bá ti wà nínú iná, kì í ṣe ojú bíríkìlà nìkan ló yẹ kó wò ó, tèmi náà wà níbẹ̀, ẹnjiníà tó ní ìwé COREN, àjọ tó ń fún àwọn ẹnjiníà níwèé àṣẹ, ni kẹ́ ẹ pè. Wọ́n ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gbá kọnkéré láìfọ́ ọ tó máa sọ bó ṣe le sí. Ẹ̀yin ará Èkó, ìjọba yín ní LASBCA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé àti iléeṣẹ́ tó ń yẹ kọnkéré àti irin wò, ẹ lò wọ́n. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n á wá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri yín.

Ọ̀rọ̀ wáyà ńkọ́? Ẹ gbọ́, wáyà tó wà nínú páìpù nínú ògiri, ẹ ò lè fojú rí i, àmọ́ ooru ti lè yọ́ rọ́bà ara ẹ̀, kí bàbà inú ẹ̀ sì máa kan ara wọn. Súwíìsì á funfun nini níta, tẹ́ ẹ bá tan iná báyìí ó tún di iná kejì. Kẹ́ ẹ tó wọlé lọ ṣa ẹrù rárá, kí àwọn tó ń pèsè iná wá já yín kúrò lórí òpó, ẹ má gun òpó fúnra yín. Ẹ yọ jẹnẹrétọ̀, ẹ pa ínfátà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé sólà sórí òrùlé, ẹ fetí sí èyí dáadáa, kò dìgbà tí NEPA bá mú iná wá o, bí ojú ọ̀run bá ti mọ́, pánẹ́ẹ̀lì yẹn ń mú iná jáde, bí ilé bá tiẹ̀ ti jó, ó ṣì lè gbé èèyàn, ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kó wá tú u. Bátìrì lithium tó bá wà nínú iná náà, ẹ má gbé e wọ yàrá kankan, ó lè tún ràn fúnra ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ gbé e síta gbangba, kó jìnnà sí ilé. Ohun tí mo fẹ́ kí oníwáyà ṣe ni kó fi ẹ̀rọ megger, èyí tó ń sọ bóyá rọ́bà ara wáyà ṣì dáa, yẹ wáyà kọ̀ọ̀kan wò, èyí tí ò bá dáa kó fà á jáde, kó ti tuntun bọ̀ ọ́, kó má kàn pààrọ̀ bọ́ọ̀bù kó gbowó ẹ̀ lọ.

Àwọn ilé tí wọ́n kọ́ láyé àtijọ́, tí síílìn wọn jẹ́ asbẹ́sítọ́ọ̀sì, iná máa ń fọ́ ọ yángá, á wá máa ta eruku funfun. Eruku yẹn ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jáde lójú ẹsẹ̀, ó lè gba ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó gbá a lónìí ò ní rántí mọ́. Ẹ fi omi wọ́n ọn kó tutù kẹ́ ẹ tó kó o, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má gbá a ní gbígbẹ, ẹ kó o sínú ọ̀rá kẹ́ ẹ dì í lẹ́nu, ẹ má sì dà á sí ojú àgbàrá.

Oúnjẹ nìkan ni mo mọ̀ pé ó máa nira fún àwọn ìyá wa láti sọ nù, mo sì mọ ìdí, nígbà tí gbogbo nǹkan ti jó tán tó wá ku gàrí àpò kan àti epo kẹ́ẹ̀gì kan. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ ọ́ nù. Gàrí, ìrẹsì, èlùbọ́ tó bá ti fa èéfín yẹn mu, kò ṣe é jẹ mọ́, epo inú rọ́bà tí ooru ti kàn náà bẹ́ẹ̀ ni, àgolo tó bá wú, wàrà ọmọdé, gbogbo oògùn pátá, títí kan oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá. Sìlíńdà gáàsì tó bá ti wà nínú iná, ẹ má gbé e lọ rọ mọ́ bó ti wù kó dáa lójú tó. Fóòmù tó jó lápá kan, ẹ gbé e jáde lọ́jọ́ yẹn gan-an, kẹ́ ẹ bu omi sí i dáadáa, torí iná máa ń sùn sínú ẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ kó tó tún jí. Aṣọ ló máa ń bọ́ nínú ẹ̀, ẹ gbọ̀n wọ́n níta, ẹ sá wọn fún atẹ́gùn, ẹ fọ̀ wọ́n lọ́tọ̀, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù kàn wọ́n nígbà tí òórùn ṣì wà lára wọn. TV àti fíríìjì tí iná ò jó ṣùgbọ́n tí èéfín wọnú ẹ̀, ẹ má tan án wò, kí ẹni tó ń tún un ṣe kọ́kọ́ ṣí i, torí èéfín rọ́bà yẹn ní ásíìdì tó ń jẹ irin inú wọn.

Ti ìwé kò pọ̀: ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ọlọ́pàá àti panápaná, kẹ́ ẹ lọ búra ní kóòtù, òun ni wọ́n á máa béèrè níbi gbogbo. NIN kì í jóná, nọ́ńbà yín ṣì wà níbẹ̀. C of O náà, ẹ̀dà ẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìjọba, ẹ lè béèrè fún ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀. Owó tó jó lápá kan, ẹ má ya á kúrò lára ara wọn, CBN máa ń gba owó tó bà jẹ́ bẹ́ẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo tún fẹ́ dárúkọ àwọn ilé alámọ̀ wa ní àárín ìgboro, ní Bẹẹrẹ, Ọjẹ́, Ìdí Arẹrẹ, torí ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Ògiri amọ̀ kì í jó, igi àjà àti òrùlé ló ń jó, ògiri á dúró ṣánṣán, ẹbí á ní ká lọ ṣèpàdé lórí ẹ̀. Ìpàdé yẹn á fà dé àsìkò òjò, nítorí ilé ẹbí ni, ẹni tó wà l'Ékòó ò tíì dé, ẹni tó wà lókè òkun ní ká dúró de òun, bí òjò méjì mẹ́ta bá sì ti rọ̀ sórí ògiri tí ò ní páànù, ilé bàbá ńlá wọn ti di òkìtì. Kẹ́ ẹ tó ṣe ìpàdé kankan, ẹ ra tapólì, ẹ fi bo orí ògiri yíká, ẹ so ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.

Tẹ́ ẹ bá lọ kí ẹni tí ilé ẹ̀ jó, gbogbo èèyàn ló máa sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àdúrà dáadáa ni, èmi náà ń ṣe àmín. Àmọ́ nígbà tí ààfin bá jó láyé ìgbà yẹn, gbogbo ìlú ló ń jáde, àdúgbò kan á gbé igi wá, òmíràn á gbé ewé àti bẹẹrẹ wá, wọn ò ní lọ títí ilé á fi dúró. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà tí yàrá ẹ̀ jó ní Mọ́níyà, ta ló ń gbé igi wá fún un? A ń kó aṣọ fún un, a ń kó ìrẹsì fún un, ó dáa, ẹ má dá a dúró. Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí àti ẹgbẹ́ àdúgbò ni pé kí wọ́n ya lára owó yẹn sọ́tọ̀ fún ẹnjiníà àti oníwáyà kó tó di pé wọ́n ra pẹ́ńtì, torí ìyẹn lẹni tí ilé ẹ̀ jó ò ní lówó ẹ̀, kò sì ní rántí béèrè. Ẹ̀yin onílé tẹ́ ẹ ní ayálégbé, láti 2003 ni òfin ti sọ pé ilé tí ayálégbé ń gbé gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì iná, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín bóyá tiyín ní. Ayálégbé tí yàrá ẹ̀ ò ṣe é gbé, ẹ má gba owó oṣù yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ má sì lé e padà sínú ilé tẹ́ ẹ̀yin fúnra yín ò lè sùn sí.

Olóòtú, ohun tí mo ń tọrọ lọ́dọ̀ yín ò pọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé ìròyìn iná jáde, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa fi àyè kékeré kan sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà tí èèyàn lè pè, 112 níbi gbogbo, 615 fún wa ní Ọ̀yọ́, 767 fún Èkó, kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà pé kí oníwáyà àti ẹnjiníà ṣáájú pẹ́ńtà wọlé. Ẹ sì rán akọ̀ròyìn yín padà síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kó lọ wo dẹ́kì, kó bi wọ́n pé ta ló yẹ wáyà wò. Tó bá nílò ẹni tó máa tẹ̀ lé e lọ wo ilé èyíkéyìí n'Íbàdàn, mo yọ̀ǹda ara mi, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Bíríkìlà kan, Ìbàdàn.